Àmín Tí Màmá Judy Ṣe Lórí Ibùsùn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, mi ò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà ò mọ̀ mí, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún tó kọjá. Mò ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, mò ń gbé e sùn. Mo parọ́ mọ́ òkú. Òkú náà kì í ṣe ọ̀tá mi. Òun ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń bá Ọlọ́run jókòó.

Ohun tó mú kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ olóògbé náà pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, mi ò dá a lóhùn, ó sì ń retí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Èébú tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo ti lé ní ogójì ọdún, mo ní ọkọ, mo ní ọmọ méjì. Prince George's County ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ni à ń gbé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan tí kò jìnnà sí stéṣọ̀n New Carrollton. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Màmá Judy. Júù ni wọ́n, wọn ò sì ní pẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà náà. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Judy lásán bí gbogbo ará ọ́fíìsì ṣe ń pè wọ́n. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó lè bí mi tán kó tún bí àbúrò mi, kí n máa pè é lórúkọ bí ẹgbẹ́ mi? Mo fi Màmá sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó inú ọ́fíìsì náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo bá wọn ní yàrá tí a ti ń jẹun ọ̀sán, wọ́n ṣí ìwé kan síwájú. Mo yọjú, mo rí i pé Jẹ́nẹ́sísì ni. Inú mi dùn, mo ní èmi náà fẹ́ràn Bíbélì. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí mi, wọ́n ní, "Jókòó. A kì í dá a kà."

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ìwé Mósè márààrún, tí àwọn ń pè ní Tórà, ni wọ́n pín sí ìpín-ìpín, ọ̀sẹ̀ kan ìpín kan. Ibikíbi tí Júù bá wà láyé, ìpín kan náà ni wọ́n ń kà lọ́sẹ̀ náà. Bí ọdún bá yí, tí wọ́n kà á tán, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní èèyàn méjì-méjì ló máa ń jọ kọ́ ọ, ẹnì kan á kà, ẹnì kejì á béèrè. Àwọn àti ọkọ wọn ni wọ́n jọ ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ọkọ kú, wọ́n sì ń dá a kà látìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, èmi á kà, wọ́n á béèrè. Wọn kì í jẹ oúnjẹ mi nítorí òfin oúnjẹ wọn, àfi ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mi ò tíì bó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ìwé kíkà lásán ni mò ń sọ. Láti kékeré ni mo ti ń ka Bíbélì, mo há ẹsẹ púpọ̀ sórí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tú àpò ni mo ṣe ń kà á. Mò ń wá ìlérí tí mo máa dì mú, bí mo bá ti rí i, mo pa àpò dé. Màmá Judy kì í wá nǹkan kan. Wọ́n lè fi odindi wákàtí dúró lórí gbólóhùn kan ṣoṣo. Wọ́n á ní, kí ló dé tí Ọlọ́run ń bi Ádámù pé níbo ló wà, ṣé ó pòórá lójú Rẹ̀ ni? Wọ́n á ní, kí ni Ábúráhámù àti ọmọ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n rìn lọ sórí òkè yẹn? Bí mo bá sáré dáhùn, wọ́n á ní, "Ó ti yá jù. Lọ gbé e sùn ná."

Mo sì ń gbé e sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi Ọlọ́run ní ìbéèrè nínú àdúrà, dípò kí n máa to ohun tí mo fẹ́ síwájú Rẹ̀. Bí mo bá ń wa ọkọ̀ lọ sílé, màá pa rédíò. Mo máa ń dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì máa ń kún. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò mọ Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò bù mọ́ èyí o. Òun gan-an ló jẹ́ kí ohun tí mo ṣe máa tì mí lójú.

Láàárín àkókò yẹn ni ìjọ wa yàn mí pé kí n máa darí ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ẹtì. Ilé Alàgbà, tí í ṣe àgbà ìjọ wa, ni a ti ń ṣe é, ní Mitchellville. Ẹnjinníà ni Alàgbà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó wọn, Màmá Tólú. Pálọ̀ wọn tóbi, ó máa ń kún.

Kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn? Ohun tí mo gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè Màmá Judy bó ṣe wà, mi ò yọ kúrò, mi ò fi kún un. Alàgbà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Sístà, níbo lẹ ti rí èyí? Láti grammar school ni mo ti ń ka ibẹ̀ yẹn o, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti dárúkọ Màmá Judy. Ó wà lórí ahọ́n mi. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, arákùnrin kan ti sọ̀rọ̀ gbígbóná nípa àwọn Kristẹni tó ń sá padà sábẹ́ Òfin, tí wọ́n ń bá àwọn tí kò gba Jésù kẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ilé ló ṣe Àmín. Ẹ̀rù bà mí. Kí n má sì parọ́ nínú ìjẹ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Bí wọ́n ṣe ń wò mí lọ́jọ́ náà dùn mọ́ mi. Mo ní, "Ọlọ́run ló fi hàn mí níbi àdúrà."

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí láàárín wa. Bí èèyàn bá ti sọ ọ́, ìbéèrè parí. Ta ló fẹ́ lọ bi Ọlọ́run pé níbo ni Òun náà ti gbọ́ ọ? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ẹni tí Ẹ̀mí ń kọ́.

Màmá Judy mọ̀ pé mò ń kọ́ àwọn èèyàn mi. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ní kí ni àwọn ará ọjọ́ Ẹtì wí sí ìbéèrè wa. Màá ròyìn. Inú wọn á dùn, wọ́n á ní, "Bá mi kí wọn." Màá ní àwọn náà ní kí n kí yín. Kò sẹ́ni tó kí wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

Lọ́jọ́ kan, oòrùn mú dáadáa, èmi àti Màmá Judy gbé ìwé wa jáde lọ sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ stéṣọ̀n. Màmá Tólú fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì rí wa. Ìka Màmá Judy wà lórí ìwé, èmi tẹrí síbẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Màmá Tólú kí wa, wọ́n kọjá lọ. Nírọ̀lẹ́, wọ́n pè mí.

"Sístà, òyìnbó wo lẹ jókòó tì lónìí? Ó dà bíi pé Bible lẹ jọ ń kà."

"Júù ni wọ́n, Mà. A jọ ń ṣiṣẹ́ ni."

"Júù kẹ̀? Àbí ẹ̀ ń wàásù fún wọn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mò ń wàásù fún wọn."

Gbogbo irọ́ náà nìyẹn, kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì fi máa pé, gbogbo ilé ti gbọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó wá di pé kí a tó túká, a ó gbàdúrà fún ọkàn tí Sístà ń jèrè. Wọ́n á dárúkọ, wọ́n á ní kí Olúwa ṣí ojú Judy, kí Olúwa ká ìbòjú kúrò lójú Judy. Àwọn kan ń gbààwẹ̀ nítorí wọn. Èmi náà ń ṣe Àmín. Ní Ọjọ́bọ̀, màá tún lọ jókòó síwájú ẹni tí ojú rẹ̀ là ju tèmi lọ, màá ní kó máa kọ́ mi.

Nígbà tí ọdún tuntun àwọn Júù dé, Màmá Judy gbé ìgò oyin kan àti ápù wá síbi iṣẹ́. Àṣà wọn ni, kí ọdún lè dùn. Wọ́n ní kí n gbé e fún àwọn ará ọjọ́ Ẹtì, pé wọ́n ti di ẹbí nínú ìwé. Mo gbé e dé pálọ̀ Alàgbà, mo ní Judy ló fi ránṣẹ́, pé ó dúpẹ́ àdúrà. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n gbé ọwọ́ lé oyin náà, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti ń yọ́. A ti ápù bọ oyin, a jẹ ẹ́ tán. Èmi náà jẹ níbẹ̀, ó sì dùn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni àìsàn dé. Jẹjẹrẹ ni. Màmá Judy kò lè wá síbi iṣẹ́ mọ́, mo wá ń lọ bá wọn nílé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn náà mò ń lọ sí ọsibítù. Debbie, ọmọ wọn obìnrin, ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní Ọjọ́bọ̀ nìkan ni màmá òun ń jẹ́ kí òun ya irun wọn. A ò fo ìpín kankan.

Alàgbà gbọ́ pé àìsàn náà le. Wọ́n ní àkókò ti ń lọ, a gbọ́dọ̀ lọ bá a gbàdúrà ìgbàlà kó tó pẹ́ jù. Mo ní wọn kì í gba àlejò. Màmá Tólú ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ni àwọn, àwọn mọ bí ọsibítù ṣe ń ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, Alàgbà gbé jíìpù wọn wá sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. Mo jókòó sẹ́yìn. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí a bá Màmá Judy lójú oorun.

Wọn ò sùn. Debbie ti lọ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé. Èdè òyìnbó ni gbogbo wa sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ lọ́kàn mi ni mo ṣe máa kọ ọ́. Alàgbà tẹrí ba, wọ́n ní, "Màmá, sístà wa ti sọ fún wa bí òun ṣe ń kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí. A ti ń gbàdúrà fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Màmá Judy yíjú sí mi. Mò ń wo ilẹ̀.

"Olùkọ́ tó dáa ni," ni wọ́n sọ. "A jọ kọ́ nǹkan púpọ̀." Wọ́n wá bi Alàgbà pé ṣé oyin yẹn dùn. Alàgbà ní ó dùn púpọ̀.

Alàgbà ní ṣé àwọn lè gbàdúrà. Màmá Judy ní kò burú. Alàgbà di ọwọ́ wọn mú, wọ́n gba àdúrà gígùn ní orúkọ Jésù, omi ń bọ́ lójú Alàgbà fúnra wọn. Nígbà tí àdúrà parí, Màmá Judy, tí wọ́n ti dijú, ní, "Àmín."

Àmín yẹn ni o. Mo mọ̀ pé àwọn Júù ló ni Àmín kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá súre fún Màmá Judy, wọ́n á ṣe Àmín, nítorí ọmọlúàbí ni wọ́n. Màmá Tólú kò mọ ìyẹn. Wọ́n bú sẹ́kún ayọ̀. Lójú tiwọn àti ti ọkọ wọn, ọkàn kan ti wọlé. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ, mi ò sọ ọ́. Àwọn méjèèjì jáde lọ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wá ku èmi àti Màmá Judy.

"Ṣé o ò sọ fún wọn rí?"

"Rárá, Mà."

"Kí wá ni wọ́n rò pé mò ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́bọ̀?"

"Wọ́n rò pé èmi ni mò ń kọ́ yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ sì gbà á mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ní kí n ka ìpín ọ̀sẹ̀ náà. Mo kà á tán. Mo dúró kí wọ́n béèrè nǹkan. Wọn ò béèrè. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn, kí n máa lọ. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò ní kí n bá àwọn kí àwọn ará ọjọ́ Ẹtì.

Wọ́n kú lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún Alàgbà, Alàgbà sì sọ fún Bàbá Víkà, àlùfáà ìjọ wa, wọ́n fi mí sínú ètò ìsìn Sọ́ńdè pé kí n wá jẹ́rìí. Nírọ̀lẹ́ Sátidé ni Debbie pè mí. Àwọn Júù kì í fi òkú pamọ́ pẹ́. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìsìnkú, pé màmá òun á fẹ́ kí n wà níbẹ̀. Mo lè sọ fún ìjọ pé ara mi ò yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, Debbie ni mo sọ fún pé ara mi ò yá.

Mo wé gèlè funfun. Mo dúró níwájú ìjọ, mo ní obìnrin Júù kan tí mo ti ń wàásù fún láti ọjọ́ pípẹ́ gba Jésù lórí ibùsùn, Ó sì mú un lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ìjọ dìde. Orin sọ, ijó sọ. Mo wo aago ọwọ́ mi, mo rí i pé wákàtí tí Debbie dá fún mi ti pé, pé wọ́n á ti máa da iyẹ̀pẹ̀ sórí olùkọ́ mi báyìí. Àwọn ìyá fà mí lọ́wọ́ bọ́ sáàárín agbo. Mo jó.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi mí ṣe olórí àwọn ajíhìnrere. Wọ́n ń pè mí lọ sí ìjọ mìíràn kí n lọ sọ ìtàn náà. Mo mọ ibi tí àwọn èèyàn máa ń sunkún, mo sì mọ ibi tó yẹ kí n dákẹ́ díẹ̀ kí ẹkún náà lè jáde. Ṣùgbọ́n mi ò lè ka Tórà mọ́. Mo ti gbìyànjú ní Ọjọ́bọ̀, mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo ṣí i. Ọ̀rọ̀ ń kọjá lójú mi ni. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo sọ níṣàájú ti lọ, bí mo bá pa rédíò báyìí, ẹ̀rù ló ń bà mí, màá sì tún yára tàn án.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Debbie lọ gba abẹ́rẹ́ ní kíníìkì tí Màmá Tólú ti ń ṣiṣẹ́. Màmá Tólú rí orúkọ bàbá rẹ̀ nínú fáìlì, ó bá èyí tí wọ́n rí ní ọsibítù mu, wọ́n ní ṣé ọmọ Judy ni. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kó má banú jẹ́ mọ́, màmá rẹ̀ gba Jésù kó tó kú, ojú àwọn ló ṣe.

Debbie pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun ò bínú, òun kàn fẹ́ mọ òótọ́. Ó ní láti ìgbà tí màmá wọn ti kú ni ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti ń lọ sínágọ́gù lójoojúmọ́, òjò ni, yìnyín ni, láti gba àdúrà tí àwọn Júù ń gbà fún òbí tó bá kú. Ó ní òun ò tíì sọ ohun tí nọ́ọ̀sì náà wí fún un, òun ò mọ bó ṣe máa gbà á. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù níparí. Ṣé màmá mi fi wá sílẹ̀ ni?"

Mo ní mò ń wa ọkọ̀, màá pè é padà. Inú kíṣìnì mi ni mo wà. Ó ti tún pè látìgbà náà, mo rí orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, mi ò gbé e.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó kú ti kú. Ìjọ ń yọ̀, ọmọ yẹn á gbàgbé. Ta lo tún fẹ́ dójú tì?" Ó wù mí kí n gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò ní gbàgbé. Ìwọ tí wọ́n bá sọ fún pé ìyá rẹ kẹ̀yìn sí ẹ lọ́jọ́ ikú, ṣé wàá gbàgbé?

Bí mo bá sọ òótọ́ fún Debbie, ó máa mọ ibi tí mo wà nígbà tí wọ́n ń sin màmá rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ fún ìjọ, kí ni màá wí fún Alàgbà? Wọ́n gbà pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run, kò tíì lò wọ́n bíi ti ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, omi ṣì máa ń bọ́ lójú wọn. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo mú wọn lọ fi àdúrà wọn bo irọ́ mi.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé kí n pe Debbie, àbí kí n kọ́kọ́ padà síwájú ìjọ níbi tí mo ti parọ́? Mo mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi fúnra mi ti fi òwe náà kọ́ àwọn ọmọ Sunday School rí. Ẹ sọ ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ sọ sí mi, màá gbà á.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà sí i. Ní gbogbo ìgbà tó yẹ kí n sọ òótọ́, àdúrà ni mò ń gbà.